Ọkọ́ Tó Dára fún Ọgbà: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ ọkọ́ la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ọkọ́ tí a fi ń ro oko ni mo wí, n kò pe ọkọ tó wà nílé, n kò sì pe ọkọ̀ tó ń lọ sí Parakou. Àmọ́ ibì kan wà tí ọkọ́ àti ọkọ ti jọra: ẹni tó máa bá a gbé ló yẹ kó yàn án. Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a máa sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: ẹni tó máa lo ọkọ́ ni kó lọ dì í mú lọ́jà, kó gbé e sókè, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kí owó tó kúrò lápò.

Kí ló dé tí ọkọ́ fi di ọ̀rọ̀ rédíò?

Ẹ wo bó ṣe ń rí nínú ọ̀pọ̀ ilé. Bàbá ra ọkọ́ tuntun, ó fi kọ ebè iṣu. Nígbà tí ẹnu ọkọ́ náà ti jẹ, tó ti ku ìdajì, ó bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó, òun ló máa fi gbẹ́ ilẹ̀ ọgbà gboma àti tòmátì. Tó bá tún jẹ sí i, tí igi rẹ̀ ń mì lẹ́nu ihò, ó di ti ọmọ. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ ni ọkọ́ tó burú jù lọ ń kàn. Lẹ́yìn náà a máa ń sọ pé ọwọ́ ìyá náà kò yá, tàbí pé ọ̀lẹ ni ọmọ. Ọkọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n yá.

Èkejì, iṣẹ́ oko ní àkókò. Tí òjò bá ti rọ̀ tí àgbàdo hù, nǹkan bí oṣù kan ààbọ̀ àkọ́kọ́ ni koríko máa ń ṣe é níkà jù. Tí ọkọ́ bá kán lọ́jọ́ kan nínú àkókò yẹn, tí ọjà sì ku ọjọ́ mẹ́ta, koríko kò ní dúró dè yín.

Ẹ̀kẹta ni owó. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Iye tí mo fẹ́ pè yìí kì í ṣe iye ọjà, àfiwé lásán ni. Ká ní ọkọ́ kan jẹ́ 1500 sẹ́fà, kò sì kọjá ọdún kan. Ká ní èkejì jẹ́ 3000 sẹ́fà, ó sì lo ọdún mẹ́rin. Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, ẹni tó ń ra ti 1500 á ti ná 6000. Ẹni tó ra ti 3000 kò ná ju 3000 lọ. Ọkọ́ tó dà bíi pé owó rẹ̀ kéré ló padà gba owó púpọ̀. A kò tíì ka ọjọ́ tó fi jókòó sílé nítorí pé ọkọ́ kán.

Ilẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Kò sí ọkọ́ kan tó dára fún gbogbo ilẹ̀. Dassa ni wọ́n ń pè ní ìlú òkè 41, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ilẹ̀ orí òkè kò rí bíi ti ìsàlẹ̀.

Ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀kúta wẹ́wẹ́ pọ̀, ọkọ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ kò dára. Ọ̀kúta á máa kọ̀ ọ́, ọwọ́ á máa ta yín. Ọkọ́ tí ojú rẹ̀ dín, tó nípọn, tó sì wúwo díẹ̀ ló máa wọ ibẹ̀. Tó bá jẹ́ ihò kájú tàbí ihò máńgòrò lẹ fẹ́ gbẹ́, ẹ fi dígà fọ́ ilẹ̀ náà ná, kẹ́ ẹ wá fi ọkọ́ kó erùpẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fi ọkọ́ ṣe iṣẹ́ dígà ń pa ọkọ́ rẹ̀ ni.

Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn, tó rọ̀, ọkọ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tó sì fúyẹ́ ló dára. Ó ń kó erùpẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń jẹ́ kí ebè tàbí poro tètè dìde.

Ní àkùrọ̀, níbi tí a ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ilá àti ewédú nígbà ẹ̀rùn, amọ̀ ló wà níbẹ̀. Tó bá tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́. Tó bá gbẹ, ó le bí òkúta. Ọkọ́ tí ojú rẹ̀ kò fẹ̀ jù, tó ń dán, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ni kẹ́ ẹ wá. Irin tó rí gbágungbàgun ni amọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ jù.

Tí apá yín bá ká a, ẹ ní ọkọ́ méjì: èyí tó tóbi fún ebè àti ilẹ̀ tuntun, èyí tó kéré fún oko ríro àti iṣẹ́ àárín ẹ̀fọ́. Ọkọ́ ebè láàárín tòmátì á gé gbòǹgbò rẹ̀ dànù.

Ní ìlú òyìnbó, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá ọgbà ń lo irin pẹlẹbẹ onígi gígùn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọlẹ̀. Ó dára níbi tí ilẹ̀ bá rọ̀, tí ẹni tó ń lò ó sì wọ bàtà líle. Ní ilẹ̀ olókùúta bíi tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Ní Burkina Faso, ní agbègbè Yatenga, àwọn àgbẹ̀ ń fi irinṣẹ́ ọwọ́ gbẹ́ ihò kéékèèké sínú ilẹ̀ tó ti le koránkorán, wọ́n á da ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà sínú rẹ̀ kí òjò tó dé. Zaï ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yẹn. Yacouba Sawadogo, tó kú ní ọdún 2023, lo ọgbọ́n náà títí ilẹ̀ tó ti kú fi tún so ọkà, tí igbó sì hù níbẹ̀. Kì í ṣe katakata ló lò. Irinṣẹ́ ọwọ́ tó bá ilẹ̀ rẹ̀ mu ló lò.

Irin wo ló wà lójú ọkọ́?

Oríṣi ọkọ́ méjì la máa ń rí lọ́jà. Èkíní ni èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe, tí wọ́n kó wá láti òkèèrè. Èkejì ni èyí tí alágbẹ̀dẹ wa rọ. Ẹ má rò pé ti òkèèrè ló dára ní gbogbo ìgbà, ẹ má sì rò pé ti alágbẹ̀dẹ ló ń pẹ́ ní gbogbo ìgbà. Irin tí wọ́n fi ṣe é ni kẹ́ ẹ bi.

Tí alágbẹ̀dẹ bá fi irin àgbá epo tàbí páànù ọkọ̀ rọ ọkọ́, irin yẹn rọ̀, ó sì fẹ́lẹ́. Á tẹ̀ tó bá pàdé òkúta. Àmọ́ tó bá fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù rọ ọ́, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń gba jìgìjìgì, irin yẹn le, ó sì ń padà sípò tí a bá tẹ̀ ẹ́. Òun ni alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ máa ń wá.

Irin tó dára nìkan kò tó. Alágbẹ̀dẹ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fi omi mú ẹnu ọkọ́ le. Á mú un pọ́n nínú iná, á wá ki ẹnu rẹ̀ bọ omi. Ẹnu nìkan ló yẹ kó le. Ọrùn ọkọ́ kò gbọ́dọ̀ le jù, torí irin tó bá le jù máa ń kán ni, kì í tẹ̀.

Àyẹ̀wò márùn-ún kí owó tó jáde

Ẹ̀yin tó ń lọ sí ọjà Glazoué ní ọjọ́rú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú níwájú ẹni tó ń ta ọkọ́. Ẹ kí i dáadáa, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dára kì í bínú.

Àkọ́kọ́, ẹ fi etí gbọ́ ọ. Tí kò bá tíì ní igi, ẹ fi okùn so ó rọ̀, kẹ́ ẹ fi òkúta kékeré kàn án. Tó bá dún "gọ́ọ́ọ́n", tí ohùn rẹ̀ ń lọ bí agogo, ó ṣeé ṣe kó péye. Tó bá dún "pọ̀" bíi ìkòkò tó ti sán, ẹ wò ó dáadáa. Ó lè jẹ́ pé ó ti là níbì kan.

Èkejì, ẹ fi ojú wò ó. Ẹ gbé e sí oòrùn, kẹ́ ẹ wo ọrùn rẹ̀ níbi tí irin ti wọ inú igi tàbí níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ́ ti ń kán. Tẹ́ ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ tàbí ìlà tín-ínrín níbẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ́ tí wọ́n kun ní ọ̀dà tó nípọn. Ọ̀dà kì í mú irin le, ó sì máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ẹnu ọkọ́ ti ilẹ̀ líle, kẹ́ ẹ fi ara tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Tí ẹnu náà bá tẹ̀ tí kò padà, irin rẹ̀ rọ̀. Tó bá tẹ̀ díẹ̀ tó sì padà sípò, ó dára.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi fáìlì kàn án, èyí tí àwọn míì ń pè ní lìmù. Ẹ rọra fà á ní igun ẹnu ọkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí fáìlì bá jẹ ẹ́ bí ẹni ń rẹ́ igi tútù, ó rọ̀ jù. Tí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ pátápátá bíi pé orí gíláàsì ló wà, ó le jù, òkúta lè ṣẹ́ ẹ. Kó jẹ ẹ́ díẹ̀, pẹ̀lú agídí, ni a ń fẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ọwọ́ pa á láti ọrùn dé ẹnu. Ó yẹ kó nípọn lọ́rùn, kó sì máa fẹ́lẹ́ lọ sí ẹnu. Ọkọ́ tó nípọn bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ á wúwo lásán, kò sì ní mú.

Ẹ̀rúkọ́, ìyẹn igi ọkọ́

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bó ti wù kí irin dára tó, tí igi rẹ̀ kò bá dára, òfo ni.

Igi tó gbẹ dáadáa ni kẹ́ ẹ wá, tí ìlà ara rẹ̀ lọ tààrà láti orí dé ìdí, tí kò ní kókó, tí kòkòrò kò sì tíì lu. Igi ayín dára fún un, ó le, ó sì ń pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé igi òrí tàbí igi irú nítorí ẹ̀rúkọ́. Àwọn ìyá wa ń jẹun lára igi wọ̀nyẹn lọ́dọọdún.

Tí igi bá tutù nígbà tẹ́ ẹ fi irin bọ̀ ọ́, á sún kì nígbà tó bá gbẹ, irin á sì máa mì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń rẹ ọkọ́ sínú omi kí igi lè wú. Ó ń ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ yẹn, àmọ́ tí oòrùn bá mú un gbẹ, igi á tún sún kì. Ohun tó dára jù ni kẹ́ ẹ gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kékeré, kẹ́ ẹ gbá a wọ àlàfo náà títí irin kò fi ní mì mọ́. Irin tó bá yọ lára igi nígbà tí ẹ gbé ọkọ́ sókè lè bọ́ sí orí ọmọ tó wà lẹ́yìn yín.

Ẹ tún fi àtẹ́lẹwọ́ pa igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá gún yín lọ́jà ló máa bó yín lọ́wọ́ lóko. Àfọ́kù ìgò tàbí òkúta yanrìn tó ìdán an.

Kí ọkọ́ bá ara mu

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ìyá wa jù, ó sì kan ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń ra ọkọ́ fún wọn.

Ẹ gbé ọkọ́ náà sókè kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń ro oko, nígbà ogún, níbẹ̀ lọ́jà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tí apá bá ti ń ro yín kó tó pé ogún, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ó gbé e nígbà tó ju ọgọ́rùn-ún lọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọkọ́ tó fúyẹ́ díẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ń ṣiṣẹ́ ju èyí tó wúwo tó sì kú lẹ́nu.

Fún ebè, igi kúkúrú ni àwọn baba wa ń lò, torí ó ń fún apá ní agbára láti fa erùpẹ̀. Àmọ́ fún oko ríro nínú ọgbà, ẹ lè fi igi gígùn sí ọkọ́ kékeré. Ẹ gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó ga dé àyà. Ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn kò ní tẹ̀ púpọ̀ mọ́. Èyí ṣe pàtàkì fún aboyún, fún àgbàlagbà, àti fún ẹni tí ìbàdí ń dùn. Tẹ́ ẹ bá fi igi gígùn sí i, ẹ sọ fún alágbẹ̀dẹ kó tún ọrùn rẹ̀ ṣe, torí ọ̀nà tí ọkọ́ gbà tẹ̀ wálẹ̀ fún igi kúkúrú kò ní bá igi gígùn mu.

Ọmọ tó ń ran òbí lọ́wọ́ lẹ́yìn iléèwé, ẹ fún un ní ọkọ́ kékeré tí ẹnu rẹ̀ mú. Ẹ má fún un ní ògbólógbòó ọkọ́ ebè.

Ẹgbẹ́ lè lọ bá alágbẹ̀dẹ

Ní Bassar, lápá àríwá Togo, àwọn baba ńlá ń yọ́ irin láti inú òkúta pẹ̀lú ìléru amọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ọkọ́ tí wọ́n fi irin náà rọ sì rìn jìnnà dé ọjà àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí irin òyìnbó wọlé, tí owó rẹ̀ sì kéré, ìléru wọ̀nyẹn kú díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹwìrì àwọn alágbẹ̀dẹ kò kú. Alágbẹ̀dẹ tó wà nítòsí yín ṣì wúlò ju ẹni tó ń ta ọjà lójú títì, torí pé ẹ mọ ilé rẹ̀. Tí ọkọ́ bá kán, ẹ ó padà lọ bá a.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ yín lọ bá a pa pọ̀. Kí ènìyàn mẹ́wàá da owó jọ, kí wọ́n ra sípíríǹgì lọ́wọ́ mẹkaníìkì, kí wọ́n gbé e lọ sí àgbẹ̀dẹ. Ẹ bá a ṣe àdéhùn mẹ́ta: ìgbà tí ọkọ́ máa jáde, iye owó, àti ohun tó máa ṣe tí èyíkéyìí bá kán kí oṣù mẹ́fà tó pé. Kí ẹ lọ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Tí òjò bá ti rọ̀, gbogbo ayé ló máa wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ìtọ́jú ọkọ́, ìtọ́jú ara

Tẹ́ ẹ bá ti oko dé, ẹ ha erùpẹ̀ kúrò, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi epo díẹ̀ pa irin rẹ̀. Ẹ gbé e sínú ilé, kí òjò má pa á, kí ikán má jẹ igi rẹ̀. Ẹ máa fi fáìlì pọ́n ọn ní ẹ̀gbẹ́ tí alágbẹ̀dẹ ti pọ́n, ẹ má pọ́n ọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní ọ̀nà oko, ẹ má gbé ọkọ́ kọ́ èjìká pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ sí ọrùn.

Tí ọkọ́ bá ṣá yín lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìpẹtà ló ń fa àrùn ipá, àrùn tó ń mú kí ẹnu dì kí ara sì le gbọnrangandan. Kì í ṣe ìpẹtà. Kòkòrò tí ojú kò rí, tó ń gbé inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran, ló ń fà á. Nítorí náà, ọkọ́ tuntun tó ń dán náà lè kó o wọ ara. Àmì rẹ̀ sábà máa ń yọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ 21, nígbà tí ojú egbò lè ti jiná.

Ẹ fi omi mímọ́ tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà dáadáa. Ẹ má fi ìgbẹ́ màlúù, eérú, epo bẹntiróòlù tàbí dúdú inú bátìrì sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í, kẹ́ ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n wò ó bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́. Àwọn aboyún ń gba abẹ́rẹ́ ipá, àwọn ọmọdé náà ń gbà á. Ẹ̀yin ọkùnrin, ìgbà wo lẹ gbà á kẹ́yìn? Ẹ bi nọ́ọ̀sì.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́

1. Nínú ilé yín, ta ló ń yan ọkọ́ tí ìyàwó àti ọmọ ń lò? Báwo la ṣe lè yí i padà?

2. Kí olúkúlùkù mú ọkọ́ rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ kàn án, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi ojú wo ọrùn rẹ̀. Mélòó ló yege?

3. Irú ilẹ̀ wo ló pọ̀ jù ní abúlé yín, ọkọ́ wo ló sì bá a mu?

4. Ta ni alágbẹ̀dẹ tó sún mọ́ yín jù? Ta ló máa lọ bá a sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́, kó tó di ìgbà wo?

5. Tí ọkọ́ bá ṣá ẹnì kan lónìí, ta ló ní alùpùpù tó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi rán akọ̀wé ẹgbẹ́ sí wa. A máa ka díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́.  Kí ọkọ́ yín má kán, kí ọwọ́ yín má bó, kí ilẹ̀ gbà fún yín.